Ẹ Kọ Orúkọ Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Abúlé Wa

Iléṣà

Alága, Akọ̀wé, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára. Gbọ̀ngàn yẹn dára, ẹni tó bá ní kò dára ń purọ́ ni. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn akunlé parí, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára rẹ̀, mo sì ka orúkọ tí ẹ fẹ́ fín sára òkúta ẹnu ọ̀nà láti òkè délẹ̀. Orúkọ 43. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn dáadáa. Èmi ni mo kọ́ mẹ́fà nínú wọn ní A, B, D. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè pátápátá, torí pé òun ló dá owó jù, ẹ bi í léèrè ẹni tó nà án nítorí máńgòrò ọgbà ilé-ìwé.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé sí yín pé kí ẹ fi orúkọ kan kún un. Akọ̀wé fèsì. Èsì náà kò gùn, kò sì sí èébú nínú rẹ̀, mo dúpẹ́. Ó ní ẹni náà kò dá kọ́bọ̀. Ó ní ogun òyìnbó ló bá lọ, kì í ṣe ogun ìlú. Ó ní bí ẹ bá kọ tirẹ̀, gbogbo ilé ni yóò máa gbé òkú tiwọn wá. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e sábẹ́ Bíbélì, mo tún lọ mú un. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti èmi àti akọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí síta, kí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lẹ́yìn odi lè kà á kí wọ́n tó fi owó tó kù ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń sọ. Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà ni ìyá mi ń pè é títí òun náà fi kú, àwa ọmọ sì gbà á bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé kò ní orúkọ mìíràn. Orúkọ rẹ̀ gan-an wà nínú ìwé tí mo kọ sí akọ̀wé. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ara òkúta yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ kà á.

Ọdún tí Ọwá Arómọ́lárán Kìíní wàjà, ìyẹn 1942, ló wọṣẹ́ ṣọ́jà, nígbà ogun Hítílà, ogun àgbáyé kejì. Bóyá ọmọ ogún ọdún ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Iṣu ọdún wo ni wọ́n ń wà nígbà tí wọ́n bí i ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ń bá bàbá rẹ̀ ro oko kòkó lẹ́yìn Ìwárajà. Bàbá àgbà fẹ́ kó tẹ̀lé ẹbí kan lọ ṣòwò aṣọ, kó di òṣómàáló bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí: wàá gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wàá tà á láwìn, bí oṣù bá pé wàá padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wàá ní òṣó lo máa ló títí wàá fi gbowó rẹ. Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n òun lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó padà dé pẹ̀lú owó tí kò pé. Ó ní onígbèsè náà bú sẹ́kún, òun náà sì bá a sunkún. Bàbá àgbà ní irú Ìjẹ̀ṣà wo nìyí.

Lọ́jọ́ ọjà kan ni lọ́rì àwọn tó ń gba ṣọ́jà dúró ní Iléṣà, tìlù tìfèrè. Wọ́n ní ẹni tó bá wọlé yóò kọ́ṣẹ́: kápẹ́ńtà, mẹkáníìkì, dírẹ́bà. Dírẹ́bà nìkan ló gbọ́. Ní àwọn ibòmíràn, ìjọba ń bu iye èèyàn lé àwọn ọba lórí pé kí wọ́n kó wá. Ní ti Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà, kò sí ẹni tó fi tipátipá mú un. Ìlù ló gbọ́, ó sì fẹ́ wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé, nígbà tí wọ́n sì wo ọrùn rẹ̀ tó ti ń ru kòkó láti kékeré, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe.

Ó wálé lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Khákì ló wọ̀, ó so bàtà kọ́ ọrùn. Ẹsẹ̀ lásán ni ṣọ́jà ilẹ̀ wa fi ń jagun ṣáájú ìgbà yẹn. Ìrìn àjò Bọ́má, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, ló sọ wọ́n di oníbàtà, bàtà náà sì ń bó o lẹ́sẹ̀. Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín. Bàbá kan wà ní agbo ilé nígbà náà tó ti gbé àpò ẹ̀tù fún àwọn ológun nígbà ọmọdé rẹ̀ ní bùdó Ìmẹ̀sí-Ilé, nígbà ogun Kírìjì. Bàbá yẹn pè é jókòó.

“Ta lẹ fẹ́ lọ bá jà?”

“Jàpáàn ni, bàbá.”

“Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?”

Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n òun rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ọwọ́ pa okùn bàtà rẹ̀, kò rí nǹkan kan sọ. Bàbá náà kò bi í mọ́. Ó kàn ní kó má ṣe ṣíwájú, kó má sì ṣe kẹ́yìn.

Akọ̀wé, ẹ wò ó, àgbà ilé wa ti sọ ọ̀rọ̀ ogun òyìnbó yẹn kí ẹ tó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sójú ẹni tó ń lọ. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀ ná.

Dìfíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi í sí. Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1943. Nǹkan bí 90,000 ọmọ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí ìhà ibẹ̀ lápapọ̀, tiwa ní Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù. Àmì aláǹtakùn dúdú ló wà léjìká wọn. Ìyá mi rò pé oògùn ni, àfi ìgbà tí mo dàgbà tí mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ará Gánà ló ni ín, pé ohun tí ìjàpá ń ṣe nínú àlọ́ tiwa ni aláǹtakùn ń ṣe nínú tiwọn. Ó ní ìyẹn burú ju oògùn lọ, ta ní ń tẹ̀lé ìjàpá lọ sógun.

Àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́má ni wọ́n rán wọn lọ. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ la ọ̀nà kan gba orí òkè àti inú igbó, nǹkan bí máìlì 75, láàárín bí oṣù méjì. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí ni ẹrù ti bọ́ sórí èèyàn. Àwọn ọmọ ogun mìíràn ní ìbaaka tó ń bá wọn rẹrù. Àwọn tiwa ní orí. Ìbọn ńlá tí wọ́n tú palẹ̀, ọta, oògùn, àpótí oúnjẹ, ẹni tó fara gbọgbẹ́ lórí àkéte, orí àti èjìká ni wọ́n fi gbé gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ ń bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e kọjá sọ́dọ̀ ọ̀tá, ebi di tọjọ́ yẹn.

Ẹni tó sọ èyí fún wa ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará ìhà Ìbòkun, tó wá sí abúlé wa lọ́dún 1946 lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n fún un níyán, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bu omi mu, kò sọ ohun tó bá wá. Gbogbo ilé sì ti mọ̀, torí pé ìwé ti dé láti ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ ṣáájú. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú tí wọ́n tan àtùpà ló tó la ẹnu.

Ó ní iná lohun tó kọ́kọ́ mú òun ati Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà dọ̀rẹ́. Ẹ mọ oríkì wa: Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Nínú igbó Bọ́má, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná, nítorí ojú ọ̀tá. Òjò á pa wọ́n, wọn kò ní rí ibi yá ara wọn. Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà á wá máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú òkùnkùn pé ọmọ Ọwá rèé o, iná wà nílé. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n. Oògùn ibà tí wọ́n ń lò sọ ẹyinjú wọn di pupa rúsúrúsú bí ẹni tó ní ibà pọ́njú.

Ní ìparí Fẹ́búárì 1944 wọ́n gba ìlú kan tó ń jẹ́ Kyauktaw. Kò pẹ́ ní oṣù Kẹta tí Jàpáàn yí padà tí wọ́n gba òkè ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ni dìfíṣọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Àsìkò yẹn náà ni ìbọn ba Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tí wọ́n gbà síṣẹ́ ológun nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Òun àti ará Sierra Leone kan ni àwọn ará abúlé kan níbẹ̀ fi pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí wọn ní Disẹ́ńbà. Ó padà wálé, ó dàgbà, ó darúgbó, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò rí, mo sì pa ìkòkò tó wà lórí iná tì títí ọbẹ̀ fi jóná.

Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà kò rí ẹni fi í pamọ́. Wọ́n ń sọdá odò kékeré kan láàárọ̀. Ẹrù wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rẹrù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Kò sí èyí tó máa fi di ìbọn mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ìró kan ṣoṣo, òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀. Ó wá rí i tí Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà ń rọra kúnlẹ̀ sínú omi, ẹrù ṣì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ti oko dé tó fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀ ọ́. Òun na ọwọ́ láti bá a sọ̀ ọ́. Ìgbà tí òun gba ẹrù náà tán lòun tó rí ẹ̀jẹ̀.

Ìyá mi máa ń sọ pé iyọ̀ ló wà nínú ẹrù yẹn. Nígbà ogun Hítílà, iyọ̀ wọ́n bí ojú ní Iléṣà, wọ́n ń pín in bíńtín-bíńtín, àwọn ìyá ń se ọbẹ̀ àtẹ́. Mo rò pé ìyá mi ló fi iyọ̀ sínú ìtàn náà fúnra rẹ̀. Àpótí ni ọ̀rẹ́ yẹn sọ. N kò bá a jiyàn rí.

Ìdí ọparun ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn àti agolo ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀, kò jìn. Wọ́n ko ewé gbígbẹ lé e kí ọ̀tá má baà mọ̀ pé èèyàn kọjá níbẹ̀, wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n ń lọ. Láyé Kírìjì, bí ẹnìkan bá kú sí bùdó, àwọn èèyàn rẹ̀ á gé irun àti èékánná rẹ̀ wálé, ilé á rí nǹkan sin. Láti Kaladan, èékánná kan kò dé.

Àwọn àgbà ní òbí kì í mojú oórì ọmọ. Bí ọmọ bá kú, wọ́n á sin ín, wọn kò ní fi ibẹ̀ han bàbá àti ìyá. Ní ti bàbá àti ìyá tiwa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi pamọ́ fún wọn. Bàbá àgbà kò sọ̀rọ̀ mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ mú ọkọ́ ọmọ rẹ̀ láti àjà, ó rí i pé ikán ti jẹ eèkù rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sí i. Títí ó fi kú, bí ikán bá ti jẹ eèkù ọkọ́ yẹn, á ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èmi fojú mi rí ọkọ́ náà. Kò sí ẹni tó fi ro nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí pé kò dá kọ́bọ̀.

Ìjọba san owó kan fún bàbá rẹ̀ lórí ikú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ṣílè díẹ̀ máa ń dé lóṣooṣù nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ná ìyẹn: wọ́n fi san owó orí, wọ́n fi ra àdá. Owó ikú yìí, bàbá àgbà ní òun kò ní jẹ ẹ́. Kò fi ra páànù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé rẹ̀ ń jò. Ó gbé e fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n bá òun fi ra agogo gidi, èyí tí ìró rẹ̀ máa dé oko, torí pé irin ọkọ̀ ni abúlé ń lù nígbà náà. Agogo náà dé láti Èkó. Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ilé-ìwé, èmi náà lù ú fún àwọn ọmọ fún ọdún mọ́kànlá. Ibi tó wà lónìí ni abẹ́ igi máńgòrò iwájú gbọ̀ngàn yín. Òun ni akọ̀wé ń lù bí ìpàdé bá yá. Ìró rẹ̀ ló pè yín jọ lọ́jọ́ tí ẹ pinnu pé ẹni tí kò dáwó, a kì í kọ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ̀ ba, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀, ẹ óò rí àwọn ìlà kan tí wọ́n fi ìṣó họ síbẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ tíṣà, mo rò pé àwọn ọmọ ló bà á jẹ́, mo tiẹ̀ fìyà jẹ kíláàsì kan nítorí rẹ̀. Ìyá mi ló sọ fún mi. Bàbá àgbà ni. Kò mọ ìwé, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kọ ọ́. Pélé ló họ síbẹ̀, bí ó ṣe wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ní ti ogun òyìnbó, mo gbà. Ogun òyìnbó ni. Jàpáàn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, bàbá àgbà Kírìjì yẹn kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó dá ogun sílẹ̀ ni mo ní kí ẹ kọ. Ọmọ yín tó fẹ́ di dírẹ́bà ni. Ẹ̀yin kan náà lẹ kọ orúkọ ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà sí ipò kẹta lórí òkúta, ó sì tọ́ sí i, owó rẹ̀ wúlò. Ogun ta ni òun ń jà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Nínú ìwé tó wá láti ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, àmọ́ kò sí orúkọ bàbá rẹ̀. “Ilesha” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ṣọ́jà tí kò mọ̀wé: wọ́n á bi ọ́ léèrè ìlú rẹ, ìlú rẹ á di orúkọ rẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn Kano, Sokoto àti Zaria fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ológun ayé ìgbà yẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi fi fóònù rẹ̀ wá ibi ìrántí tó wà ní Taukkyan, lápá òkè Rangoon, níbi tí wọ́n fín orúkọ nǹkan bí 27,000 tí kò ní oórì sí. Ó ń fi ìka yí i lọ, ó ń yí i lọ. Ó ní, “Ẹ̀yin mọ́mì, ẹ wá wò ó.” Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú sípẹ́lì wọ́gọwọ̀gọ yẹn, Ilesha lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo ti fi pẹ́ńsù pupa fagi lé sípẹ́lì àwọn ọmọ yín fún ọdún 35, mo di awò mi mú, n kò lè sọ̀rọ̀.

Orúkọ ìlú wa ló ń jẹ́ lókè òkun. Nílé wa, kò jẹ́ nǹkan kan.

Àwọn òyìnbó náà tiẹ̀ ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwọn díẹ̀. Lọ́dún 2021, Commonwealth War Graves Commission tó ń bójú tó ibojì àwọn tó kú sógun gbé ìwádìí jáde pé nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó kéré tán èèyàn 116,000, tí àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ jù nínú wọn, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn kò ṣèrántí wọn rárá. Wọ́n tọrọ àforíjì. N kò mọ ẹni tó máa bá àwa tọrọ tiwa.

Ó wá ku gbogbo ilé tó máa gbé òkú wọn wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé wọn wá! Mo mọ ilé méjì ní abúlé wa tí ọmọ wọn lọ sí ogun abẹ́lé láàárín 1967 sí 1970 tí wọn kò padà. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó bá Ògèdèǹgbé lọ sí Kírìjì, ogun tí a kò tú bùdó rẹ̀ ká tán àfi ní 1893. Oríkì Ògèdèǹgbé kò lè parun ní Iléṣà, kó má parun. Àmọ́ àwọn tó ń bá a gbé ìbọn náà ní ìyá. Bí òkúta kan kò bá gbà wọ́n, ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ṣófo, mo ti lọ wò ó.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ níbi ìpàdé pé ọmọ ọmọbìnrin ilé ni mí, kí ni mo ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ó dáa. Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá àgbà bí. Kò bímọ. Bí ẹ bá rí ọmọ ọkùnrin ilé náà tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi, màá gbé e fún un, tìdùnnú-tìdùnnú.

Mo ti bá oníṣẹ́ òkúta tí ẹ gbé iṣẹ́ fún sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní iye lẹ́tà lòun fi ń gbowó. Mo ní kó yọ Ilesha kúrò, kó fi orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, kó sì fi àmì sí i bó ṣe yẹ. Lẹ́tà 17 ni. Mo ti san án, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ kàn án àfi bí alága bá fọwọ́ sí i.

Ìpàdé yín ń bọ̀ ní Sátidé. Bí mo bá gbọ́ agogo, màá wá.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ àbúrò Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà,
tíṣà fẹ̀yìntì, Iléṣà.